Àyìnkẹ́ àti Olóbì Onílà

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Àyìnkẹ́. Nílé tiwa ní Ṣábẹ, ẹni tó bá ti bá ọkọ rẹ jáde láti inú ìyá kan náà, ọkọ ni òun náà jẹ́ fún ọ, ì báà ṣe obìnrin. Nítorí náà n kò fi ẹnu mi dárúkọ rẹ̀ rí nígbà tó wà láyé. Adúmáadán ni mo ń pè é, nítorí pé dúdú rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n ó ti lọ báyìí, èmi Safiatou náà sì ti darúgbó, kò sí ẹni tí yóò bá mi wí mọ́. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ kó tẹ́ mi lọ́rùn: Àyìnkẹ́, Àyìnkẹ́, Àyìnkẹ́.

Obìnrin náà kò lè jókòó. Bí ẹ bá gbé àpótí fún un, yóò dúpẹ́, yóò sì dúró tì í. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Bó bá kírun tán, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí ilẹ̀ gbígbóná ni ìyá àwọn bí i sí. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá bá aláìlèjókòó gbé inú agbo ilé kan ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Mo lè wà nídìí ọlọ, kó kọjá níwájú mi lẹ́ẹ̀mẹfà, kó sì bi mí lẹ́ẹ̀mẹfà bóyá mo ti fún màlúù lómi. Inú máa ń bí mi. N kò ní purọ́.

Inú ẹran ló ń fọ̀ jẹun. Bachirou ọkọ rẹ̀ jẹ́ alápatà ní Plateau, àdúgbò wa, nígbà tó sì kú, àwọn alápatà yòókù kò lé opó rẹ̀ kúrò ní ilé ìpẹran. Ó ń fọ ṣàkì, ó ń tú ìfun, ó ń kó ìgbẹ́ dànù. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣe é. Òfin àwọn alápatà wa ni pé a kì í pa abo màlúù tó lóyún, ṣùgbọ́n ojú kì í rí inú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá la ikùn ẹran, wọ́n á bá ilé-ọmọ tó ti wú, ọmọ tí kò tíì hu irun á sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin á káwọ́ lérí, wọ́n á ní kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n, wọ́n á sì gbé e fún Àyìnkẹ́ pé kó lọ sin ín.

Àyìnkẹ́ kì í sin ín lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ tẹ́ olóbì, ìyẹn ibi ọmọ náà, sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, á sì wò ó fínnífínní. Olóbì ọmọ ènìyàn, odidi kan pẹrẹsẹ ni. Ti màlúù kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kókó pupa sì wà káàkiri ara rẹ̀, òmíràn tó hóró ẹ̀wà, òmíràn tó ẹyin adìẹ, bí oyún bá ṣe dàgbà tó. Kókó wọ̀nyí ni olóbì fi ń di ara ìyá mú, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ó kàn ń kà wọ́n ni, ọdún dé ọdún, ó sì ń fi ìka wọn gígùn ọmọ tó bá nínú. Ohun tó rí ni pé ibi tí kókó bá ti pọ̀ tó sì nípọn, ọmọ á tóbi. Ibi tí kókó bá ti wọ́n, ọmọ á kéré. Kì í ṣe bí ìyá ṣe sanra tó lọ́jọ́ tí wọ́n pa á ló ń sọ ọ́. Ó ti rí màlúù tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ tí olóbì rẹ̀ kò sì ní láárí.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìyàwó, ilé ni olóbì. Ilé la kọ́kọ́ ń kọ́ ká tó kó wọlé. Bí ebi bá ń pa ìyá nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà lọ́wọ́, yàrá á há. Bí wọ́n bá wá ń kó oúnjẹ dé lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ tán, níbo ni wọ́n fẹ́ kó o sí?"

Mo ní, "Adúmáadán, ẹ jókòó kí ẹ jẹun."

Kò jókòó.

Màlúù kan ṣoṣo ni Bachirou fi sílẹ̀ fún un. Dúdú ni màlúù náà, ó ní ilà funfun kan láti iwájú orí dé imú, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Onílà. Ọwọ́ Issa ló wà, Fúlàní tó ń da ẹran àwọn ará Plateau, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa: ẹni tó ni ẹran ló ni ọmọ, darandaran ló ni wàrà. Ẹ mọ̀ pé Àyìnkẹ́ kò bí ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ní, Onílà nìkan ló kù tó ń mí. Ohun tó sì ń wá láyé kò ju pé kí Onílà bí abo kan tí yóò yè, kí ẹran Bachirou má bàa parẹ́ nínú agbo. Bó bá ń rìn kiri bí ẹni tí kòkòrò ta, ohun tó ń wá nìyẹn.

Onílà bí lẹ́ẹ̀kíní, ọmọ náà kò ju ewúrẹ́ lọ, ó kú lọ́jọ́ kẹta. Ó bí lẹ́ẹ̀kejì, èyí kò tilẹ̀ lè dìde. Issa, tó jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, gbé olóbì méjèèjì wá fún un nínú igbá, nítorí pé ó ti bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kókó mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà lára ti àkọ́kọ́. Méjìdínlọ́gọ́ta ló wà lára ti èkejì. Bẹ́ẹ̀ ní ilé ìpẹran, ó ti ka ọgọ́rùn-ún lára olóbì màlúù jàgbàjàgbà tí kò sí ẹni tó mọ olówó rẹ̀. Ọjọ́ tó ka èkejì yẹn tán, ó dúró lé Issa lórí bí agbẹjọ́rò.

"Issa, ìgbà wo ni akọ gùn ún?"

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, Ìyá, lẹ́yìn tí wọ́n kórè ọkà bàbà tán."

"Ti ìṣáájú ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

"Lẹ́yìn tí akọ gùn ún, ibo lo dà wọ́n gbà?"

"Mo da wọ́n gba Kaboua títí dé etí odò Ọpara. Ibo ni kí n tún dà wọ́n gbà? Gbogbo koríko ti jóná."

"Ebi pa á?"

Issa wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ìyá, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ebi ń pa èmi gan-an."

Bó ṣe rí ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìgbà tó yẹ kí Onílà kọ́ ilé fún ọmọ rẹ̀ gan-an ni kò sí ohun tó máa fi kọ́ ọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1960, ó gba màlúù rẹ̀ padà lọ́wọ́ Issa, ó sì so ó mọ́ ìdí igi odán lẹ́yìn ilé wa. Issa kìlọ̀ fún un pé màlúù kì í ṣe ewúrẹ́ tí ènìyàn ń so mọ́ ẹ̀yìn ilé. Àyìnkẹ́ ní òun ti gbọ́. Ó pinnu pé akọ kankan kò ní gùn ún títí òjò yóò fi rọ̀ tí koríko yóò fi hù, kí oṣù àkọ́kọ́ oyún lè bọ́ sí àsìkò ọ̀pọ̀. Kí ìgbà yẹn tó dé, ó ń bọ́ ọ: èèpo iṣu, èérí àgbàdo, ewé ẹ̀pà tí a ń rù wá láti Adido. Mo ní "a ń rù." Èmi ni mo ń ru èyí tó wúwo. Ìyàwó ilé ni mí, àbí ta ni yóò rù ú? Onílà sì ń sanra, ara rẹ̀ ń dán ju ti ẹni tó ń bọ́ ọ lọ.

Ní àárín oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, Issa da agbo rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ní òwúrọ̀. Àyìnkẹ́ fúnra rẹ̀ ló tú okùn. Akọ màlúù Issa gùn Onílà lójú àwa mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó pe èmi àti Issa, ó ní kí a fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: oyún tí kò tíì yọ, a kì í sọ ọ́ síta, kí ẹnu má bàa bà á jẹ́. Ẹni tó ti sin ọmọ méjì, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún wúwo sí i. Ṣùgbọ́n Àyìnkẹ́ kò fi mọ sí dídákẹ́. Bí aládùúgbò bá ń kọjá tó sì ní, "Ìyá, kí lẹ ń bọ́ màlúù bẹ́ẹ̀ fún?" á dáhùn pé, "Ó ti yàgàn. Mo kàn ń bọ́ ọ kó sanra ni." Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Mo sọ fún un pé èyí pọ̀ jù. Ó ní ọmọdé ni mí, n kò mọ bí ayé ti rí.

Ẹnu tó fi ṣe ààbò fún Onílà yẹn ló fẹ́ fi pa á.

Nígbà tó di oṣù keje, gbogbo ìlú ń gbálẹ̀, wọ́n ń kun ilé lẹ́fun, nítorí òmìnira ilẹ̀ wa lọ́wọ́ òyìnbó ń bọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò mú màlúù kan wá fún àsè. Bàbá Oyèlékè ni olórí kòmítè tiwa ní Plateau. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí a ń pè ní gáà ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó, kò sì tíì gbàgbé rẹ̀. Aago rẹ̀ wà nínú àpò, á máa yọ ọ́ wò bí ẹni pé òmìnira náà fẹ́ pẹ́ dé. Ó wá sílé wa pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta. Wọ́n yí Onílà po, wọ́n gbá a nídìí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Àyìnkẹ́," ó ní, "ìwọ ni Ọlọ́run fi dá Plateau lọ́lá. Kò sí màlúù tó sanra tó èyí ní gbogbo Ṣábẹ. Àgàn sì ni, o ti fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Mú un wá fún fẹ́ẹ̀tì òmìnira. Bí a bá ti wa iṣu tán, kòmítè yóò fi ẹgbọrọ màlúù rọ́pò rẹ̀ fún ọ."

Mo rí i tí ojú Àyìnkẹ́ yí. "Bàbá, ẹ má bínú. Ó lóyún."

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn.

"Ó lóyún láti ìgbà wo? Ṣé láti ìgbà tí a dé ni?" Bàbá Oyèlékè bi í.

"Láti oṣù karùn-ún ni. Akọ gùn ún. Ìyàwó ilé yìí wà níbẹ̀, Issa náà wà níbẹ̀."

Bàbá Oyèlékè ní ìyàwó ilé kò ní jẹ́rìí ta ko ilé rẹ̀, pé Issa ti da agbo rẹ̀ jìnnà sí oko àwọn àgbẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti le, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tó wà, àti pé gígùn kọ́ ni oyún. Ó yọ aago rẹ̀ wò. "Kí Dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò," ó ní. "Bó bá lóyún, òfin ni òfin. Bí kò bá lóyún, kí o má tún dá wa dúró." Àyìnkẹ́ ní òun gbà. Kí ni ì bá tún sọ?

Barthélemy ni Dókítà ẹran náà. Ọmọ Pobè ni, ìjọba sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí ìlú wa ni, kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń tọ́jú bàtà, ó ń kí àgbà dáadáa. Kì í ṣe dókítà gidi. Nọ́ọ̀sì ẹran ni, ṣùgbọ́n òun nìkan la ní. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí òmìnira dé, wọ́n kó gbogbo màlúù àsè náà sínú ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé ìpẹran. Mẹ́fà ni wọ́n, ó sì fẹ́ yẹ gbogbo wọn wò kí oòrùn tó mú. Nígbà tó kan Onílà, ó fi ọṣẹ pa apá, ó ti ọwọ́ bọ ìdí màlúù náà dé ìgbúnwọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó yọ ọ́.

"Kò sí nǹkan," ó ní. "Òfìfo ni." Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé.

Gbogbo wọn hó. Mo mọ̀ pé akọ gùn ún. Ṣùgbọ́n Bàbá Oyèlékè kò parọ́, gígùn kọ́ ni oyún.

Àyìnkẹ́ ti wọ inú ọgbà. "Dókítà, ẹ dákun, ọwọ́ yín kò dé ibẹ̀. Ilé-ọmọ tó ti lóyún kì í dúró níbi tí ẹ wá a sí. Ó máa ń wúwo, á sì ṣubú síwájú, sínú ikùn. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà níbí yìí."

"Madamu, òkú ẹran lẹ ti rí i," Barthélemy sọ. Kò sọ ọ́ tìkàtẹ̀gbin, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e fún mi. Ó mú ọṣẹ Dókítà nínú garawa, ó fi pa apá rẹ̀ dé èjìká. Mo ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pè é pé kó jáde, kó má fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ní ogún ọdún ó lé, kò fọwọ́ kan inú màlúù tó wà láàyè rí. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Onílà gbọ̀n, ó sì dúró jẹ́ẹ́, nítorí ó mọ̀ ọ́n. Apá Àyìnkẹ́ gùn, ó wọlé ju ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ. Ojú rẹ̀ ń wo ògiri. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí a tó délé lọ́jọ́ náà ló ti sọ ọ́ fún mi. Ìgbẹ́ ló kàn, àti egungun, àti ooru, àti ohun rọ̀bọ̀rọ̀bọ̀ kan tó ń yọ́ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí Barthélemy, ó sì wí lóhùn tó mọ́ gaara pé, "Ó wà níbí. Mo fọwọ́ kàn án. Ẹ gba òkè egungun kọjá, kí ẹ wá rọra sọ̀kalẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kókó wà lára rẹ̀, ó tó hóró ẹ̀wà."

Barthélemy tún fi ọṣẹ pa apá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò kánjú. Ó di ojú, ó la ojú, ó wo Àyìnkẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ ọwọ́.

"Wi, bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni Ìyá sọ. Èmi ni mo kánjú lẹ́ẹ̀kíní." Ó gba ìwé padà lọ́wọ́ Bàbá Oyèlékè, ó sì fà á ya.

Bàbá Oyèlékè yọ aago rẹ̀ wò. "Ọjọ́ mẹ́ta ló kù," ó ní, ó sì jáde.

Plateau jẹ ewúrẹ́ lọ́jọ́ òmìnira. Àwọn àdúgbò tó kù jẹ màlúù, òórùn ẹran wọn sì ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ará Plateau kò dárí jì í. Bí Àyìnkẹ́ bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, àwọn obìnrin á kí i láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ìyá, ẹ kú ìnira oyún o!" Wọ́n ń sọ ọ́ fún opó tí kò bímọ rí. Mo bá ẹni méjì jà nítorí rẹ̀, mo sì fẹ́ bá ẹ̀kẹta jà kí ọkọ mi tó dì mí mú. Àyìnkẹ́ kàn ń yára rìn ni.

Ohun kan ṣoṣo ló fi ń gbé ara rẹ̀ dúró. "Ọmọ Pobè yẹn fọwọ́ kàn án," á máa sọ fún mi. "Ọwọ́ tèmi ló kú. Ọwọ́ tirẹ̀ ti kàwé." Mo lè wà nídìí iná, á tún dé: "Ìyàwó, ó fọwọ́ kàn án, àbí?" Mo ní, "Ó fọwọ́ kàn án, Adúmáadán." Á lọ wo Onílà, á padà wá.

Ọ̀sẹ̀ kò lè kọjá kó má lọ sí ọ́fíìsì Barthélemy. Ó ti ń pè é ní "ọmọ mi" nígbà náà.

"Ọmọ mi, ohun tó o fọwọ́ kàn lọ́jọ́ yẹn, ó tó kí ni?"

"Kò tíì tóbi, Ìyá."

"Ó tó ẹ̀wà ni, àbí ó tó àgbàdo?"

"Ó wà láàárín méjèèjì, Ìyá," Barthélemy á sọ, á sì rántí pé òun ní iṣẹ́ kan lẹ́yìn ilé.

Síbẹ̀ ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí wá sílé wa. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ó rí i tí ó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, èérí àgbàdo á sì wà nínú àpò lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé ọbẹ̀ mi ló ń fà á. Ṣùgbọ́n kì í jẹun púpọ̀. Á dúró ti Onílà, á máa wo ikùn rẹ̀ bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ó sọ fún Àyìnkẹ́ lọ́jọ́ kan pé nínú ìwé tí àwọn kà, wọ́n ní nǹkan kan wà tó ń ti ara olóbì jáde, tó ń ránṣẹ́ sí ẹ̀jẹ̀ ìyá pé kó máa bọ̀, tó sì ń sọ fún ara ọmọ pé kó máa dàgbà, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó gan-an kò tíì mọ gbogbo orúkọ rẹ̀.

"Èmi mọ orúkọ rẹ̀," Àyìnkẹ́ sọ. "Oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ nìkan kọ́, Ìyá."

"Ó dáa. Oúnjẹ lásìkò."

Ní oṣù kejìlá, ọmọ tapá nínú Onílà. Gbogbo wa rí i, awọ ikùn rẹ̀ yọ gọ́ńgọ́, ó sì tún wọlé. Mo pariwo, mo jó. Mo rò pé ara yóò rọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wàyí. Rárá. Ẹ̀rù kan lọ, òmíràn dé. Àwọn méjì ìṣáájú náà tapá nínú, kí ni wọ́n ti rí? Ọyẹ́ mú, koríko gbẹ, a ń lọ fa omi lọ́nà jíjìn. Àyìnkẹ́ ń gé ewé lórí igi bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó rù, ojú rẹ̀ wọnú. Ó ń sọ fún Onílà pé kó mú sùúrù, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ọ̀kan nínú sùúrù náà.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì ọdún 1961, ọjọ́ Ìsinmi, ni Onílà bẹ̀rẹ̀ sí rọbí, nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa. Ọlọ́run ṣe é, Issa wà nítòsí. Ẹsẹ̀ méjì jáde, wọ́n nípọn. Issa dì wọ́n mú, ó fà, ó fà, ó pe ọkọ mi pé kó wá bá òun fà. Nígbà tí ọmọ náà jáde tó sì bọ́ sílẹ̀, Issa jókòó sínú omi ìbímọ, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń da ẹran Plateau, òun kò rí irú rẹ̀. Abo ni. Ilà funfun wà ní iwájú orí rẹ̀. Kí n tó gbé omi dé, ó ti ń gbìyànjú àtidìde. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró lẹ́ẹ̀kẹrin, ó sì wá ọmú kàn. Àwọn ènìyàn kún ẹ̀yìn ilé wa. Àwọn tó ń kí oyún wà níbẹ̀. Bàbá Oyèlékè wà níbẹ̀, ó yọ aago rẹ̀, ó wo wákàtí tí wọ́n bí i, ó ní kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀.

Àyìnkẹ́ kò wo ọmọ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀yìn Onílà ló dúró sí, ó ń lé àwọn ajá, ó ń dúró de olóbì. Mo ní, "Adúmáadán, ẹ wá wo ọmọ yín!" Ó ní, "Mo ń bọ̀." Ó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó ń fi èkejì lélẹ̀.

Ibẹ̀ ni Barthélemy bá wa. Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kò dá a dúró. Ó wo ọmọ màlúù náà, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó sì lọ bá Àyìnkẹ́ lẹ́yìn Onílà. Èmi nìkan ni mo wà nítòsí wọn, mo sì rí i pé omi ti kún ojú ọmọkùnrin náà.

"Ìyá," ó ní, "ẹ foríjì mí. Lọ́jọ́ yẹn nínú ọgbà, ọwọ́ mi kò kan nǹkan kan."

"Mo mọ̀. Lẹ́ẹ̀kíní nìyẹn."

"Lẹ́ẹ̀kejì náà, Ìyá. N kò rí nǹkan. Ojú yín ni mo wò. Mo ní ẹni tó ti ń fọ inú màlúù láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé kò lè ṣì í mọ̀. Ọwọ́ yín ni mo gbà gbọ́. Láti ọjọ́ náà, n kò sùn dáadáa. Bó bá jẹ́ òfìfo ni, iṣẹ́ mi ti lọ."

Àyìnkẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti inú rẹ̀. "Ọwọ́ mi?" ó ní. "Ọwọ́ tèmi yìí?" Ó yíjú wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó, ọwọ́ tirẹ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé tí mo fi ń sùn láti ọjọ́ yẹn!"

Ó sì jókòó. Àyìnkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú iyẹ̀pẹ̀ àti omi ìbímọ, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, n kò rí i kó jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ mi sáré dé, ó rò pé ó dákú ni.

Ìgbà yẹn ni olóbì bọ́. Barthélemy fẹ́ fa Àyìnkẹ́ lọ́wọ́ kó dìde, ṣùgbọ́n ó kọ̀.

"Gbé e wá," ó sọ fún un. "Tẹ́ ẹ sórí ewé níwájú mi. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, o kò ní wo ojú mi. Fọwọ́ kàn án, kí o sì kà á."

Ọmọ Pobè kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ìka kan kókó kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè bí ọmọ ilé-ìwé. Gbogbo Plateau ń gbọ́. Nígbà tó kọjá ọgọ́ta, Àyìnkẹ́ di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó kọjá ọgọ́rin, ó fún un mọ́ra tó fi dùn mí.

"Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin," Barthélemy sọ.

"Tún un kà," Àyìnkẹ́ sọ.

Ó tún un kà. Àyìnkẹ́ jókòó síbẹ̀ títí ó fi kà á tán.